Kàtúùnù Tí Iná Kò Rí Jó

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo Tom and Jerry yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ọdún 1951 sábà máa ń mọ́ rekete lójú, ìlà wọn mú, àwọ̀ wọn sì jinlẹ̀. Àwọn tó ṣáájú, láti ìgbà tí William Hanna àti Joseph Barbera ti bẹ̀rẹ̀ eré náà nílé iṣẹ́ MGM ní ọdún 1940, máa ń ṣú díẹ̀, ìlà wọn sì máa ń rọ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tó yà wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, iná sọ ní ibi ìpamọ́ fíìmù George Eastman House nílùú Rochester, ìpínlẹ̀ New York. Fíìmù 329 ló bá iná náà lọ, ojúlówó nẹ́gátíìfù ọ̀pọ̀ kàtúùnù MGM sì wà lára wọn. Ohun tí à ń wò lónìí, ẹ̀dà ni, nígbà mìíràn ẹ̀dà tí wọ́n ṣe lára ẹ̀dà.

Ibi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí gan-an ni iná ti jó wọn, ìyẹn ló dunni jù. Ọpẹ́lọpẹ́ MGM tó ti ṣe ẹ̀dà wọn sórí fíìmù tí kì í tètè gbiná kí wọ́n tó kó wọn lọ síbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú eré tí àwọn ọmọ ilé wa ń dúró dè níwájú NTA nírọ̀lẹ́ ì bá ti di ìtàn.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣebí àwòrán ni kàtúùnù? Bí fíìmù rẹ̀ bá jóná, kí ló dé tí wọn ò kó àwòrán náà jáde, kí wọ́n tún fi kámẹ́rà yà á? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwòrán náà kò sí nílẹ̀ mọ́, a sì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kàtúùnù kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa.

Nígbà tí Winsor McCay ń ṣe Gertie the Dinosaur, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1914, orí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń yàwòrán sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ràn án lọ́wọ́, John Fitzsimmons, ló ń tún ilẹ̀, òkúta àti omi tó wà lẹ́yìn ẹranko náà yà sórí ìwé kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ọdún yẹn kan náà ni Earl Hurd kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n mìíràn: kí wọ́n ya ẹni tó ń rìn sórí ike tó mọ́ gaara, kí wọ́n sì tẹ́ ike náà lé orí àwòrán ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí kò ní yí padà. Ike yẹn ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Òun ló sọ kàtúùnù di òwò tó ń mówó wọlé.

Fún ohun tó lé ní 70 ọdún lẹ́yìn náà, báyìí ni iṣẹ́ ń lọ. Ayàwòrán á fi pẹ́ńsù ya ìrìn náà sórí ìwé, ẹlòmíràn á tún ìlà rẹ̀ ṣe kó dán. Yóò wá dé yàrá yíǹkì àti ọ̀dà, níbi tí àwọn obìnrin pọ̀ sí jù. Wọ́n á fi yíǹkì da ìlà náà kọ sí iwájú ike, wọ́n á sì fi ọ̀dà kun inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn kí ipa búrọ́ọ̀ṣì má bàa hàn. Ike náà á bọ́ sábẹ́ kámẹ́rà tó dojú kọ ilẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á yà á, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú aṣọ sinimá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kàtúùnù oníṣẹ́jú 7, àwòrán 10,080 nìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń ya ike kan lẹ́ẹ̀mejì láti dín wàhálà kù, ó ṣì jẹ́ 5,040, ká má tíì ka ike méjì mẹ́ta tí wọ́n máa ń tò lé ara wọn nígbà tí ológbò àti eku bá jọ wà lójú kan.

Nígbà tí kámẹ́rà bá ti yà á tán ńkọ́? Ike wọ́n. Wọ́n á kó o sínú omi, wọ́n á fọ yíǹkì àti ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, wọ́n á tún lò ó fún iṣẹ́ tó kàn. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti họ jù láti fọ̀, ààtàn ni. Ìgbà tí Disney bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ike Snow White nípasẹ̀ ilé ìtajà Courvoisier ní San Francisco ní ọdún 1938 ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé ohun tí wọ́n lè gbé kọ́ ògiri ni. Disney tún yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: ilé iṣẹ́ náà ń tọ́jú ìwé àwòrán àtijọ́ kí àwọn ayàwòrán tuntun lè máa wò ó kọ́ṣẹ́, nǹkan bí 65 mílíọ̀nù irú ohun bẹ́ẹ̀ sì wà ní ilé ìpamọ́ rẹ̀ ní Glendale, California. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù, fíìmù nìkan ni iṣẹ́ náà. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Fíìmù ọ̀hún náà sì lọ́gbẹ́ nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Títí di nǹkan bí ọdún 1951, orí ike náítíréètì ni wọ́n ń tẹ fíìmù ilé sinimá sí. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì ṣe ni, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti ètù tí àwọn ológun ń lò. Àwòrán rẹ̀ dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá ràn án, omi kò lè pa á, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ọ́síjìn tí yóò fi jó jáde. Bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò máa kú díẹ̀díẹ̀. Àwòrán rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣá, ara rẹ̀ á lẹ̀, á hó, á máa rùn, gbogbo ìká náà á dì pọ̀ di òdidi kan, ní ìkẹyìn á di ìyẹ̀fun. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un yára. Ìdí nìyí tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, fi kọ́ yàrá 124 fún náítíréètì nìkan sí Culpeper, ìpínlẹ̀ Virginia, tí òtútù ibẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 4°C, kí èyí tó bá gbiná nínú yàrá kan má bàa kó ti èkejì lọ.

Ike tó rọ́pò rẹ̀, asitéètì, kì í jó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn tirẹ̀ náà wà: á máa rùn bíi fínígà, á sún kì, á ká kò. Àìsàn yìí ò mọ orílẹ̀-èdè, ó sì fẹ́ràn ibi tó gbóná bíi tiwa. Ní ibi ìpamọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù Adamu Halilu ti ọdún 1976 tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti sọnù. Ilé iṣẹ́ Arsenal ní Berlin tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ ní ọdún 2018. Kì í ṣe kàtúùnù, ṣùgbọ́n ike kan náà ni, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n sì ń gbà.

Iná àti ooru nìkan kọ́ ló ṣe é, ọwọ́ ènìyàn wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Émile Reynaud ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi àwòrán tó ń rìn han èrò lójú aṣọ funfun, ní Musée Grévin ní Paris, ní 28 oṣù kẹwàá ọdún 1892, ọdún mẹ́ta kí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière tó gbé sinimá tiwọn dé. Ọwọ́ ló fi ń kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lo kámẹ́rà. Nígbà tí sinimá gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbèsè sì dé, ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ dà sínú odò Seine. Pauvre Pierrot àti Autour d'une cabine nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó fi hàn níbẹ̀. Quirino Cristiani ní Argentina kò ju tirẹ̀ sódò ní tirẹ̀. Òun ló ṣe El Apóstol ní Buenos Aires ní ọdún 1917, kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ láyé, ọ̀rọ̀ òṣèlú tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ sí ààrẹ ìlú. Iná jó o, kò sì ku ẹyọ kan. Bí ẹ bá ń fẹ́ wo kàtúùnù gígùn tó dàgbà jù nínú èyí tó ṣì wà, Die Abenteuer des Prinzen Achmed ni, èyí tí Lotte Reiniger fi àlùmọ́gàjí gé láti inú páálí dúdú ní Jámánì, tó sì jáde ní ọdún 1926. Nẹ́gátíìfù tirẹ̀ náà ti sọnù. Ẹ̀dà kan tó wà lọ́wọ́ àwọn British Film Institute ní London ni wọ́n fi tún un ṣe ní òpin àwọn ọdún 1990.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ẹni tó ni kàtúùnù kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbà á là. Ẹ̀dà tó ti ṣáko kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ló ń kù: èyí tí wọ́n tà sí òkè òkun tí kò padà, èyí tí ẹnìkan rà fún àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbàgbé dá padà.

Ìdí kan tó hàn gbangba wà fún un. Láti ọdún 1923 tí Kodak ti gbé fíìmù 16mm jáde fún lílò nínú ilé, orí ike tí kì í gbiná ni wọ́n ń ṣe é sí. Olówó ń tọ́jú náítíréètì ńlá sí ilé ẹrù, ó ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà kékeré tó wà lábẹ́ ibùsùn oníbàárà kò jóná. Títa tí wọ́n ta àwọn kàtúùnù fún tẹlifíṣọ̀n tún kún un. Ní ọdún 1955 àti 1956, Paramount ta àwọn kàtúùnù rẹ̀, Betty Boop àti Popeye wà nínú wọn, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín eré fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ba ohun kan jẹ́ níbẹ̀: níbi púpọ̀ wọ́n gé àmì òkè Paramount kúrò níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi orúkọ tiwọn dí i, àwọn olùtúnṣe sì wà lẹ́nu wíwá ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n àìmọye ẹ̀dà 16mm ló tipa bẹ́ẹ̀ fọ́n káàkiri ayé. Ká ní wọ́n fi ọwọ́ mú wọn mọ́ àyà ni, mi ò rò pé a ó rí ìdajì wọn lónìí.

Ẹ wo ti Oswald, ehoro tí Walt Disney ń ṣe fún Universal ní ọdún 1927 àti 1928, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi lọ ṣe Mickey Mouse. Kàtúùnù 26 ló ṣe nípa ehoro yìí. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Disney gba Oswald padà lọ́wọ́ NBCUniversal nínú pàṣípààrọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín: wọ́n yọ̀ǹda Al Michaels, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, fún àwọn yẹn. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ orí ehoro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Hungry Hobos jáde ní England ní ọdún 2011, Empty Socks ní Mo i Rana ní àríwá Norway ní ọdún 2014, Sleigh Bells ní London ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2018, apá kan lára Neck 'n' Neck tún yọ ní Japan, lọ́wọ́ òpìtàn kan tó ti rà á ní Osaka nígbà tó wà lọ́mọdé. Osaka yìí kan náà ni wọ́n ti rí Namakura Gatana, kàtúùnù Japan ti ọdún 1917, láàárín ọjà àlòkù ní ọdún 2007. Kò gùn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Frenkel ṣe kàtúùnù Mish-Mish Effendi ní Cairo ní ọdún 1936. Júù ni wọ́n, wọ́n kó kúrò ní Íjíbítì lọ sí Faransé ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì gbé fíìmù wọn dání. Ọwọ́ àwọn àpamọ́ fíìmù Faransé ni iṣẹ́ náà wà báyìí.

Bí fíìmù bá ti dé ọwọ́ olùtúnṣe, wọn kì í sáré fi sínú ẹ̀rọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí, wọ́n á lẹ ibi tó ya, wọ́n á tún ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n á fọ̀ ọ́. Fún èyí tó bá họ lára, wọ́n máa ń mú un kọjá nínú omi oògùn kan lákòókò tí wọ́n bá ń yà á. Omi náà á kún inú ojú ibi tó họ, iná á sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Skáánà á wá ka àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Snow White ni wọ́n fi pilẹ̀ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọdún 1993: gbogbo fíìmù náà wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n fọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ padà sórí fíìmù.

Ní ti àwọ̀, láìmọ̀ọ́mọ̀ ni kàtúùnù jẹ èrè. Disney ló kọ́kọ́ lo Technicolor aláwọ̀ mẹ́ta fún àwọn èrò, nínú Flowers and Trees ní ọdún 1932. Fún fíìmù tí ènìyàn ń ṣeré nínú rẹ̀, kámẹ́rà Technicolor ń gbé fíìmù dúdú-funfun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ènìyàn kì í dúró de kámẹ́rà, àwòrán a máa dúró. Nítorí náà wọ́n lè ya ike kan lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí wọ́n máa pààrọ̀ gíláàsì aláwọ̀, sórí fíìmù dúdú-funfun kan ṣoṣo. Fàdákà ló gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dúró, fàdákà kì í sì í ṣá bí aró. Lónìí, olùtúnṣe kàn ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ọdún 1937 á sì tún là. Níwọ̀n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí ike kan, wọ́n jọ sún kì ni. Ti fíìmù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń sún kì ní ìwọ̀n tó yàtọ̀, kí wọ́n tó bá ara wọn mu a di ogun. Ẹ fi wé fíìmù aláwọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó dé ní àwọn ọdún 1950, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú láti òkè délẹ̀.

Níbi fífọ̀ ni ìjà wà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fọ ìdọ̀tí fúnra rẹ̀: á fi àwòrán kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, ohun tó bá rí nínú ọ̀kan ṣoṣo, á kà á sí eruku, á pa á rẹ́. Fún fíìmù mìíràn, ó dáa. Nínú kàtúùnù, apá tí Tom ń jù fìrì lè wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ á jẹ ìlà rẹ̀ mọ́ eruku. Àwọn díìsìkì kan tí wọ́n tà ní àwọn ọdún 1990 àti 2000 kún fún ọwọ́ tí kò ní ìka àti irun imú tó ń parẹ́. Bí ẹni ń fọ àdìrẹ títí aró fi tán lára rẹ̀ ni; ó mọ́ lóòótọ́, kì í ṣe àdìrẹ mọ́.

Èyí tó ṣòroó yanjú jù ni eruku tó wà lábẹ́ gíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n ya ike náà. Ó wà nínú nẹ́gátíìfù, àwọn èrò ọdún 1940 rí i. Ṣé ìdọ̀tí ni, àbí ara iṣẹ́? Ní tèmi, ojú ibi tí ẹ̀rọ sinimá ti họ fíìmù lẹ́yìn náà, kí wọ́n nù ún. Eruku ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń tà á fún ọmọdé òde òní kì í gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kó dán bí èyí tí kọ̀ǹpútà ṣe. Àríyànjiyàn tó jọ ọ́ wà lórí àwọ̀. Àwọn kan á gbé ike tó ṣẹ́ kù jáde, wọ́n á ní kí àwọ̀ fíìmù bá tirẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó po ọ̀dà náà mọ̀ pé Technicolor yóò yí i padà, wọ́n sì pò ó ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí yóò jáde lójú aṣọ. Ẹ̀dà Technicolor àtijọ́ tí kò tíì ṣá ni ẹlẹ́rìí tòótọ́, kì í ṣe ike.

Ìfọ̀mọ́ mìíràn tún wà tí kò jẹ mọ́ eruku. Ẹ rántí obìnrin aláwọ̀ dúdú inú Tom and Jerry, tí a kì í sábà rí ojú rẹ̀, àfi ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ àti ìgbálẹ̀. Òṣèré adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, Lillian Randolph, ló fún un lóhùn. Nígbà tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1960, wọ́n tún un yà nínú àwọn kan di obìnrin funfun, wọ́n sì fi ohùn mìíràn rọ́pò. Ní ọdún 1968, United Artists tó ní àwọn kàtúùnù Warner kan lọ́wọ́ yọ 11 kúrò nílẹ̀ pátápátá nítorí bí wọ́n ṣe ya àwọn adúláwọ̀, ètè ńlá, ojú roboto, ìwà ọ̀lẹ. Ìwọ̀sí ni, kò sí àní-àní níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá pa ohùn Lillian Randolph rẹ́ kò mú ìwọ̀sí náà kúrò nínú ìtàn. Iṣẹ́ obìnrin adúláwọ̀ kan ló mú kúrò. Kí wọ́n tọ́jú wọn bó ṣe wà, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó fẹ́ wò ó ohun tó máa bá níbẹ̀. Ọ̀nà tí Warner gbà nìyẹn lórí díìsìkì àwọn àgbà, mo sì rò pé ó tọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ náà ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Steamboat Willie, kàtúùnù Mickey Mouse tó jáde ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1928, di ti gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024; ẹni tó bá wù lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, lè tà á. Ṣùgbọ́n òfin kò pàṣẹ pé kí Disney gbé nẹ́gátíìfù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà tó dára lọ́wọ́, èyí tó ti ṣú ni yóò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkójọ aládàáni fi ń ra 16mm àtijọ́ títí di òní.

Irú ike bẹ́ẹ̀ lè wà nílé wa náà, nítorí fíìmù 16mm ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò kí fídíò tó gbòde, WNTV Ìbàdàn sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1959. Bí ẹnikẹ́ni bá bá agolo kan nínú ẹrù bàbá rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo etí fíìmù náà: wọ́n sábà máa ń tẹ SAFETY tàbí NITRATE sí i. Bó bá jẹ́ náítíréètì, kó gbé e jìnnà sí ibi ìdáná, kó má sì fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ èrò. Kó pe àwọn tó mọ̀ ọ́n wá. Bó bá jẹ́ asitéètì tó ń rùn bíi fínígà, kó gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, kó má dì í sínú ọ̀rá, kó fi síbi tó tutù tí afẹ́fẹ́ wà. Kó kọ ohun tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ sára agolo. Kó má sì gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ wò ó láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí eyín ẹ̀rọ yẹn lè ya á láti etí dé etí. Èyí tó ti sún kì, tí ihò rẹ̀ kò bá eyín kankan mu mọ́, skáánà òde òní tí kò ní eyín rárá lè kà á.